Ọjọ́ Tí Bàbá Àgbà Kọjá Igi Ọgbà Ẹja

A sin Bàbá ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, lẹ́yìn ilé rẹ̀ níbi tí igi ọsàn wà. Àwọn obìnrin sunkún. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin, tí wọ́n ti di bàbá ọlọ́mọ, sunkún. Èmi Múfútàù, tí mo jẹ́ àgbà láàárín àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́kùnrin, èmi ni mo dúró ti àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀, èmi ni mo sọ fún wọn pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kò gún. Mo ń wo iyẹ̀pẹ̀ bó ṣe ń já bọ́ sínú kòtò, ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn ni pé iyẹ̀pẹ̀ yìí á dára fún búlọ́ọ̀kù. Mo rò pé tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹkún á dé. Kò dé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, mo ṣì ń retí rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sí ibùdókọ̀ tí mọ́tò kì í gbà mọ́.

Àwọn ẹbí ní kí ẹnì kan kọ nǹkan sínú ìwé ìrántí tí a ó pín níbi àdúà ogójì ọjọ́. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní òun á kọ ọ́. Mo ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ìwé mẹ́ta ni mo kà, lóòótọ́, n kò sì parí ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ Múfú Oníplánkì ní Ìlaro? Láti Ìlaro títí dé Ayétòrò, tí ẹ bá rí òrùlé tó gún régé, ẹ béèrè ẹni tó ta pákó rẹ̀. Ẹni tó lè fi orí lásán to pákó ilé alájà, tí kò sì kọ ọ́ síbì kankan, á lè to ọ̀rọ̀ bàbá ìyá rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń fi bírò kọ èyí. Iṣẹ́ ọmọ yẹn ò ju kó bá mi fi àmì ohùn sí i lọ.

Sùlè lorúkọ Bàbá. Sùlè Ọlọ́kọ̀ ni gbogbo èbúté ń pè é. Ẹ má bi mí ní ọdún tí wọ́n bí i, òun gan-an ò mọ̀ ọ́n, ó kàn mọ̀ pé òun ti ń rìn nígbà tí wọ́n la ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ lágbègbè wa. Èbúté kékeré kan nísàlẹ̀ ìlú Tube, níbi tí omi ti ń fẹ̀ lọ bá ọ̀sà, ibẹ̀ ló gbé títí ó fi kú. Àgbẹ̀ onípákí ni ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n kó tó di àgbẹ̀, ọkọ̀ onígbòkun ló ń tù. Ó ń kó àwọn obìnrin ọlọ́jà àti ẹrù wọn lọ sí òdìkejì omi, lápá Àjàṣẹ́ nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, á sì kó wọn bọ̀.

Ohun tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ sọ ni pé kì í ṣèlérí. Tí ẹ bá ní, Bàbá, ó dọ̀la o, "hùn" ni ẹ ó gbọ́. Kò ní sọ pé ó dọ̀la, torí kò mọ̀ bóyá òun á jáde lọ́la. Ìyá, ìyàwó rẹ̀, fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ òun, wọ́n bi Bàbá níwájú gbogbo ẹbí bóyá á lè tọ́jú òun. Ó dákẹ́ títí àwọn èèyàn fi ń wo ara wọn lójú. Nígbà tó yá, ó ní òun á gbìyànjú. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lé Bàbá àtàwọn èèyàn rẹ̀ jáde. Bàbá tó bí Ìyá ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó ní ó kéré tán kò purọ́.

Ṣùgbọ́n tó bá fi lè jáde lẹ́nu rẹ̀ pé òun á ṣe nǹkan, ẹ máa lọ sùn. Obìnrin oníyọ̀ kan wà tó máa ń bá a wọkọ̀. Wọ́n jọ sọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé á wá gbé e lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kejì yìí, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá, ewé kò mì. Obìnrin náà ti kó iyọ̀ rẹ̀ padà sínú ilé, ó ti dùbúlẹ̀. Ọ̀sán gan-an ni Bàbá dé, ó ti fi àjẹ̀ nìkan tu ọkọ̀ ńlá yẹn láti èbúté wa, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Obìnrin náà ní ṣé orí ẹ̀ pé ṣá, ta ní ń jáde nínú irú ọjọ́ yìí? Bàbá ń fi omi tútù sọ́wọ́. Ó ní, "Mo ti sọ ọ́ lánàá."

Ìjà Bàbá náà ò jọ ti ẹlòmíràn. Aládùúgbò rẹ̀ kan wà, ará Ègùn, Hùnsù lorúkọ rẹ̀. Hùnsù ló ni ọgbà ẹja tó wà láàárín ọ̀sà, àwọn igi gbọọrọ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú omi ní ìlà, tí ẹja ń wọ̀ tí kò ní rọ́nà jáde. Ọkọ̀ Bàbá fọ́ igi ọgbà yìí lọ́jọ́ ìjì. Bàbá ní ìjì ni. Hùnsù ní ojú Bàbá ni kò ríran. Látọjọ́ náà wọn ò kí ara wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Láràárọ̀, Hùnsù á rán ọmọ rẹ̀ wá: "Bàbá mi ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò kí yín." Bàbá á ní kí ọmọ náà sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun gbọ́. Nígbà tí àìsàn wá dá Hùnsù dùbúlẹ̀, ojoojúmọ́ ni Bàbá ń ní kí Ìyá se ẹja tútù ránṣẹ́ sí i, ó sì kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ dárúkọ òun. Hùnsù jẹ ẹja náà títí ara rẹ̀ fi yá, ó wá ránṣẹ́ pé kí wọ́n sọ fún ọkùnrin yẹn pé iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹja rẹ̀. Ìyá bínú, ó ní kí ló kan Bàbá ní tirẹ̀. Bàbá ní, "Ìjà là ń jà. Ta ló ní kó kú?"

Nígbà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀, bàbá mi nà mí títí pàṣán fi ṣẹ́. Àwọn olùkọ́ pọ̀ nínú ẹbí bàbá mi, àwọn onísọ́ọ̀sì tí wọ́n jẹ́ pé ìwé ni wọ́n fi ń bú èèyàn. Wọ́n ní mo ti bàjẹ́. Mo sá lọ sí èbúté. Bàbá ò bú mi, kò sì tù mí nínú. Ó ní kí n mú ọwọ́ mi wá. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi kiri bí ẹni tó fẹ́ ra okùn, tó ń wò ó bóyá ó jẹrà. Ó ní, "Ọwọ́ yìí á jẹun." Ẹ wá wo ọgbà pákó mi lónìí. Ẹ wá wo ẹ̀rọ ìlapákó mi, méjì ni. Àwọn olùkọ́ yẹn, àwọn tó kù láyé nínú wọn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń wá ra pákó àwìn.

Nígbà tí ọwọ́ mi tẹ nǹkan, ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni kí n ra ọkọ̀ tuntun fún un, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, kí gbogbo èbúté lè mọ ẹni tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ jẹ́. Mo lọ bá a lóko. Ó ń tu pákí. Kò dúró, kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo ti sọ̀kalẹ̀." Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ-ọmọ àti àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ni kò mọ bó ṣe sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Sìkírá àti èmi la mọ̀ ọ́n, torí a wà níbẹ̀. Sìkírá ń sunkún láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, kò lè sọ̀rọ̀. Ó wá ku èmi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìgbòkun. Àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n ń tú, tí wọ́n ń rán pọ̀. Bó bá ti ya, wọ́n á fi ohun tí wọ́n bá rí lẹ̀ ẹ́. Ti Bàbá ní àbùlẹ̀ aṣọ àdìrẹ Ìyá kan lápá òkè, tó ti ṣá. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú omi yẹn. Láti ọ̀nà jíjìn réré, kí ẹ tó rí èèyàn tó wà nínú ọkọ̀, ẹ ti mọ̀ pé Sùlè ni, bí ẹ ṣe ń mọ ìrìn ẹni yín kí ó tó yíjú. Tí ọlọ́kọ̀ kan bá wá fẹ́ pààrọ̀ ìgbòkun, kò kàn ní í gbé e jáde. Á kọ́kọ́ gbé tuntun náà kiri gbogbo èbúté, ti ìhín àti ti ọ̀hún. Á fà á sókè, àwọn èèyàn á jáde wá wò ó, àwọn ọmọdé á fọwọ́ kàn án, wọ́n á fún un ní ẹ̀pà jẹ. Fífi aṣọ hàn là ń pè é. Tó bá ti fi aṣọ hàn tán, kò sí ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ á bà mọ́ lójú omi. Torí nígbà náà, ìgbòkun tí èèyàn ò mọ̀, olè ni tàbí ìjọba.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni àwọn sójà gbàjọba, tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí wọ́n ti bọ́dà pa. N kò sọ ti títì tó kẹ́yìn tí ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí mọ̀. Ti ìgbà ọmọdé wa ni. Sójà dé èbúté, wọ́n pàgọ́ sábẹ́ igi àgbọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìgbòkun lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá ará òkè, lápá Ṣakí, Sájẹ́ǹtì là ń pè é. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá, Bàbá bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù gan-an. Sájẹ́ǹtì ní kí wọ́n má sọdá ni. Bàbá ronú. Ó ní, "N kò ní kọjá igi ọgbà ẹja."

Ìyá ní ó ya gbogbo èbúté lẹ́nu, torí wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu ọkùnrin náà. Sájẹ́ǹtì bi àwọn tó dúró níbẹ̀ bóyá èèyàn lè gba bàbá yìí gbọ́. Àwọn èèyàn ń wo Hùnsù, kí Hùnsù sọ tẹnu rẹ̀. Hùnsù ní òun ò bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Sájẹ́ǹtì fi ìgbòkun sílẹ̀ fún Bàbá nìkan. Ó ní ọjọ́ tó bá kọjá igi yẹn, òun á gba aṣọ, òun á gba ọkọ̀, Bàbá kò sì ní fojú kàn wọ́n mọ́.

Ráfíà ni ọ̀ràn wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni Àǹtí Sàfú, àbúrò ìyá mi, ọmọ tí Bàbá bí kẹ́yìn, tó lọ́kọ sí Àjàṣẹ́. Àǹtí Sàfú pẹ́ kó tó rọ́mọ bí, Ráfíà yìí nìkan ló ní. Wọ́n mú un wá kí Bàbá, pé á lo ọ̀sẹ̀ kan, bọ́dà bá tì mọ́ ọn. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó kúrò lẹ́ni tí wọ́n ń pọ̀n, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já. Nígbà tí a gba họ́lidé ọlọ́jọ́ gígùn, tí wọ́n mú èmi àti Sìkírá wá láti Ìlaro, n kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Apá rẹ̀ ti rí bí igi ìsáná. Àwọn adìẹ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, èdè Faransé ló sì ń sọ sí wọn. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, á lọ jókòó sí etí omi, á kọjú sí apá ibi tí Àjàṣẹ́ wà. Kì í jẹun àfi tí Bàbá bá bá a jẹ nínú àwo kan náà. Mo gbọ́ tí Ìyá ń sọ fún Bàbá nínú ilé ìdáná pé ọmọ yìí ń lọ lójú wa, a kàn ń wò ó.

Àwọn onífàyàwọ́ kan ti ní àwọn lè fi kẹ̀kẹ́ gbé e gba inú igbó lápá Ẹ̀gùá. Bàbá ní rárá, àwọn sójà ń yìnbọn nínú igbó yẹn, wọn ò sì ń béèrè ẹni tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó yìn ín. Ọmọ Hùnsù ló mú ọ̀nà míì wá. Àwọn apẹja ìhín àti ti ọ̀hún ṣì ń pàdé níbi ọgbà ẹja, sójà ò ka ìyẹn sí. Wọ́n ránṣẹ́ lọ, wọ́n ránṣẹ́ bọ̀. Àǹtí Sàfú á wọ ọkọ̀ àjẹ̀ wá dúró lápá tirẹ̀ nínú igi náà. Bàbá á dúró lápá tirẹ̀. Wọ́n á gbé ọmọ gba àárín igi. Bàbá ò ní kọjá.

Níbí ni Bàbá ti ṣe àṣìṣe, òun tí kì í ṣe é. Inú rẹ̀ dùn jù. Ìgbòkun àtijọ́ ti ya ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní kí Ìyá rán tuntun, Ìyá sì rán an, aṣọ funfun bí lékèélékèé, kò ní àbùlẹ̀ kankan. Ìyá ní kí ó fi ti àtijọ́ lọ lọ́jọ́ yẹn ná. Bàbá ní ọmọ òun ò ní wá bá òun nínú àkísà. Ó ti gbé tuntun náà han gbogbo èbúté ìhín, ó jẹ ẹ̀pà, inú rẹ̀ tutù, ó ti fi aṣọ hàn. Ti ọ̀hún kò ṣeé lọ, bọ́dà ti tì, ó wá ṣe bí ẹni pé ọ̀hún ò sí mọ́. Kó tó di ọjọ́ náà, Ìyá ti gé ti àtijọ́ bo agbọ̀n ẹja gbígbẹ.

Wọn ò sọ nǹkan kan fún àwa ọmọdé. Bàbá kàn ní òun ń gbé wa lọ gba afẹ́fẹ́. Ìyá di ẹ̀kọ àti àkàrà fún wa, pẹ̀lú ẹja díndín. Ó wọ aṣọ méjì fún Ráfíà, ọ̀kan lórí èkejì, nínú oòrùn. Sìkírá ní kí ló dé tí àwa wọ ẹyọ kan, Ìyá ní kó lọ gbé korobá. Sájẹ́ǹtì jókòó níwájú àgọ́, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Ó bi Bàbá ibi tó ń lọ. Bàbá ní òun ń gbé àwọn ọmọ-ọmọ òun lọ sórí omi. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ya àgbàdo fún wa, ó bi wá pé ta ló mọ̀ ọ́n wẹ̀ nínú wa. Mo ní èmi, mo lè wẹ̀ láti ibí dé Èkó. Sìkírá ní, "Ẹnu ẹ̀ ló ń wẹ̀." Àgbàdo fẹ́rẹ̀ẹ́ há Sájẹ́ǹtì lọ́fun.

Bàbá ní kí a fọ ẹsẹ̀ wa kí a tó wọkọ̀, bó ṣe máa ń sọ fún ọlọ́jà àti ìjòyè. Ó fi ọ̀pá ti ọkọ̀ kúrò ní etí omi. Nígbà tí a dé ibi tó jìn, ó fa aṣọ sókè. Aṣọ náà kọ́kọ́ ń pa ara rẹ̀ lábàrá, ó wá kún, ọkọ̀ sì tẹ̀ díẹ̀, ó ń lọ. Kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì, omi nìkan lẹ ó máa gbọ́ lábẹ́ pákó. Mo ti wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ Mẹ́kà lẹ́yìn ìgbà náà, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kò tó bẹ́ẹ̀. Bàbá fi okùn aṣọ sí mi lọ́wọ́, ó ní tó bá fà mí, kí n fún un díẹ̀, kí n má fún un tán. Sìkírá ń fi igbá gbọ́n omi. Ráfíà dojú bolẹ̀ níwájú ọkọ̀, ó ti ọwọ́ bọ omi, omi ń ta sí i lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ó jẹ àkàrà mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Bàbá ń wò ó látìdí ọkọ̀.

A rí igi ọgbà ẹja. Lẹ́yìn rẹ̀, a rí ọkọ̀ kékeré kan tó ń bọ̀, èèyàn méjì nínú rẹ̀. Bàbá dìde dúró. Ọkọ̀ náà ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó wá dúró. Ló bá yí padà.

Bàbá wò ó. Ó wo aṣọ funfun tó wà lókè orí rẹ̀. Mo rí i tó yé e, ojú rẹ̀ kàn lọ bí ìgbà tí wọ́n pa iná. Ó já aṣọ wálẹ̀ lójijì, ọkọ̀ ń mì, Sìkírá ké. Ó ṣí fìlà, ó ń jù ú. Ó ní kí àwa ọmọdé pariwo, a pariwo, "Àǹtí Sàfú," títí ohùn wa fi há, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gbá ohùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ̀ ọ̀hún ń lọ, àjẹ̀ rẹ̀ ń yára. Ráfíà gbọ́ orúkọ tí a ń pè. Ó dìde níwájú ọkọ̀. Ó kàn na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan.

Bàbá jókòó. Ó ti ọwọ́ bọ omi, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Igi náà wà níwájú wa, kò ju ibi tí èèyàn lè ju òkò dé lọ. Mo mọ ohun tó sọ fún Sájẹ́ǹtì, gbogbo èbúté mọ̀ ọ́n, àwa ọmọdé gan-an ń fi ṣeré. Mo ní, "Bàbá, igi nìyí o." Ó fa aṣọ sókè, ó gba okùn lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ jókòó dáadáa." A gba àárín igi kọjá. Igi kan ha ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa.

À ń lé wọn, wọ́n ń sá fún wa. Bí aṣọ wa ṣe ń tóbi lójú wọn ni àjẹ̀ wọn ń yára sí i. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi àjẹ̀ sá fún Sùlè Ọlọ́kọ̀? Nígbà tí a sún mọ́ wọn, ọkùnrin tó ń tukọ̀ ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń fi Ègùn bẹ̀bẹ̀. A ò rí Àǹtí Sàfú. Ẹní ìsùn kan ni a rí nísàlẹ̀ ọkọ̀, ẹní náà sì ń gbọ̀n. Bàbá pe oríkì ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè: "Àbẹ̀ní." Ẹní náà dẹ́kun gbígbọ̀n. Àǹtí Sàfú gbé orí sókè, ó wo Bàbá, ó wo òkè. Ó ní, "Bàbá, ìgbòkun yín dà?"

Bàbá ní, "Ó ti gbó."

Ẹ ó rò pé Ráfíà á fò. Kò fò. Nígbà tí Bàbá gbé e, ó di Bàbá lọ́rùn mú, ó ní òun ò lọ mọ́, ó ní kí ìyá òun wá sí ọ̀dọ̀ tiwa. Àǹtí Sàfú ń na ọwọ́, ọkọ̀ méjèèjì ń jìnnà síra, wọ́n ń súnmọ́ra. Bàbá tú ìka ọmọ náà lọ́rùn ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó fi ẹja díndín tó kù lé e. Àǹtí Sàfú fẹ́ sọ̀rọ̀, Bàbá ní kí wọ́n máa lọ, afẹ́fẹ́ fẹ́ yí. Mo ń wò wọ́n lọ títí tí n kò fi mọ èyí tó jẹ́ ìyá mọ́ àti èyí tó jẹ́ ọmọ.

A padà. Sìkírá ń gbọ́n omi tí kò sí. Nígbà tí a fi máa dé èbúté, oòrùn ti rẹlẹ̀, etí omi dá páropáro, àwọn sójà wà lẹ́yìn àgọ́ wọn, wọ́n ń dáná. Ìyá nìkan ló dúró dè wá. Ó rí ọmọ méjì, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá ní òun kọjá igi. Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Bàbá Sàfú, kò sẹ́ni tó rí yín. Ẹ wá jẹun."

Bàbá so ọkọ̀. Ó tú aṣọ funfun náà kúrò lára òpó, ó ká a dáadáa bí ẹni pé á lò ó lọ́la. Ó gbé e lé èjìká, ó mú àjẹ̀ dání, ó kọjú sí àgọ́. Ìyá di etí aṣọ rẹ̀ mú títí dé ibi igi àgbọn, lẹ́yìn náà ó fi í sílẹ̀. Èmi àti Sìkírá ń tẹ̀ lé e.

Sájẹ́ǹtì ṣì jókòó níwájú àgọ́, ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí wa. Ó bi mí bóyá mo ti wẹ̀ dé Èkó. Bàbá ṣí fìlà. Ó ní, "Mo kọjá igi." Ẹ̀rín kúrò lójú Sájẹ́ǹtì. Ó wo èmi àti Sìkírá, ó tún wo ẹ̀yìn wa bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. Ó mọ̀, mo rí i pé ó mọ ibi tí ọmọ kẹta wà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó ń dáná má baà gbọ́.

Ó ní, "Bàbá, ibí yìí ni mo jókòó sí látàárọ̀. N kò rí nǹkan kan. Ẹ máa lọ sílé."

Bàbá ní, "Èmi rí i."

Ó gbé aṣọ náà lé orí àpótí tó wà níwájú Sájẹ́ǹtì, ó fi àjẹ̀ lé e lórí. Sájẹ́ǹtì ń wò ó, kò fọwọ́ kàn án. Bàbá dá fìlà padà sórí. Ó fi ọwọ́ kan mú mi, ó fi èkejì mú Sìkírá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi, a sì gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà kọjá lọ sílé, kò yíjú wò ó.